Ẹ Gba Àyè Kí Ẹ Tó Bèèrè: Ìpè fún Àtúnṣe sí Ìwádìí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gboyè kejì àti àwọn tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ń jáde láti Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Èkó, Adó-Èkìtì àti Àgọ́-Ìwòyè lọ bá àwọn èèyàn nílé, lọ́jà, nílé ìwòsàn àti nílé ìwé. Wọ́n á gbé ìwé ìbéèrè dání, wọ́n á sì fi fóònù gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n á bi abiyamọ léèrè iye oyún tó ti bà jẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n á bi ọmọ ọdún mẹ́tàlá bóyá bàbá rẹ̀ máa ń lu ìyá rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹni tó ní kòkòrò HIV sọ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ nínú ẹbí. Ìbéèrè tí ọmọ ìyá ẹni kò ní dédé bi ẹni ni àlejò ń bi onílé yìí. Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ yìí sì ń bèèrè ni pé, ta ló ti yẹ àwọn ìbéèrè náà wò kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà?

Ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn, ìdáhùn wà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 pa á láṣẹ pé ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìwádìí ìlera gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìlànà ìwádìí wò, tàbí kí wọ́n ní ìgbìmọ̀ mìíràn tí wọ́n lè gbé iṣẹ́ lọ bá, kí ìgbìmọ̀ náà sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NHREC. Láti ọdún 2007 ni ìwé ìlànà NHREC ti wà níta. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kúrò ní ìṣègùn, tó bọ́ sí ìmọ̀ ẹ̀kọ́, ìmọ̀ àwùjọ, ìmọ̀ èdè, iṣẹ́ ìròyìn tàbí okòwò, ọ̀nà á dàrú mọ́ ọn lójú. Yunifásítì Ìbàdàn ní ìgbìmọ̀ kan tó wà fún ìmọ̀ àwùjọ àti ìmọ̀ nípa ọmọnìyàn, àwòkọ́ṣe gidi sì ni fún àwọn yòókù. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ níbòmíràn, ojú olùkọ́ alábòójútó nìkan ló ń kan ìwé ìbéèrè náà, ohun tí ojú yẹn sì ń wá ni bóyá iṣẹ́ á lè dúró níwájú olùdánwò tó ń bọ̀ láti ìta. Bóyá obìnrin tó dáhùn á sùn ní àlàáfíà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn kò yan ẹnikẹ́ni láti rò ó.

Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe lọ bá èèyàn fún ìwádìí, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yòówù kó ti wá, àfi bí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. A fẹ́ kí àyẹ̀wò náà jẹ́ ọ̀fẹ́. A fẹ́ kó yá. A sì fẹ́ kó wà ní èdè àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ bá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fojú fò ó jù.

Àwọn kan á ní: “Ìbéèrè lásán ni tiwa, a kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́.” Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ará wa. Ká ní òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí owó ṣe ń pòórá lọ́fíìsì. Akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́, ó sì kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ pé akápò obìnrin kan tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ló sọ ọ́. Níbi tí akápò obìnrin kò ti ju ẹyọ kan lọ, ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Láyé àtijọ́, orí pẹpẹ ilé ìkàwé ni àpilẹ̀kọ máa ń wà tí eruku á bò ó. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bọ́ sí, ọ̀gá obìnrin náà sì lè fi fóònù rẹ̀ wá a rí kó tó mu tíì òwúrọ̀ tán. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ńkọ́? Ó wà lórí fóònù akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí olè lè já gbà nínú dánfó. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀sìn àti ìbálòpọ̀ ẹni mọ́ ohun tó yẹ kí a dáàbò bò lọ́tọ̀. Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa la ti sọ fún pé òfin yẹn kàn wọ́n?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé mọ̀. Àwọn Havasupai jẹ́ ẹ̀yà kékeré kan tó ń gbé nísàlẹ̀ àfonífojì Grand Canyon ní ìpínlẹ̀ Arizona. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn fínra gan-an. Láàárín ọdún 1990 sí 1994, àwọn olùwádìí láti Arizona State University gba ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn èèyàn náà sì yọ̀ǹda rẹ̀ torí wọ́n gbà pé ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n fẹ́ fi wádìí. Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́, èdè tí kì í ṣe èdè àbínibí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó di ọdún 2003, ọmọ ẹ̀yà náà kan, Carletta Tilousi, lọ jókòó níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń gbèjà àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní yunifásítì yẹn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Obìnrin náà bi í bóyá ó gba àyè lọ́wọ́ wọn. Láti ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti hú jáde: wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ náà wádìí àrùn ọpọlọ, wọ́n ti fi wádìí bí ìbátan ṣe ń fẹ́ ìbátan láàárín wọn, wọ́n sì ti fi tọpa ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá, ọ̀rọ̀ tó tako ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tí wọ́n gbà gbọ́. Ẹ̀yà náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Ní ọdún 2010, yunifásítì náà san 700,000 dọ́là fún èèyàn 41, wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ tó kù padà fún àwọn tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká ro ti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ti wà nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló ti bá a, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa náà ṣe ń gba ìwé ìbéèrè àti ohùn àtijọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ wọn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n kọ àpilẹ̀kọ tuntun. Ká ní ìgbìmọ̀ kan ti bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí Carletta Tilousi bi í yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì bá tí bá a pàdé ní gbangba lọ́jọ́ tó yẹ kó máa yọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ààbò akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ náà wà nínú àyẹ̀wò yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa lè ní ilé òun lòun lọ, pé àwọn èèyàn òun kò lè rí ibi lọ́wọ́ òun. A mọ ìfẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò tó. Ní Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, láti ọdún 1932 títí di 1972, àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ń wo bí àrùn rẹ́kórẹ́kó ṣe ń jẹ àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó tó 400 run, wọn kò fún wọn ní oògùn pẹnisílínì nígbà tó ti di oògùn tí gbogbo èèyàn ń lò. Nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kan, Eunice Rivers, ló ń lọ gbé wọn nílé, òun ló mọ ìyàwó àti ọmọ wọn, òun náà ló ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gbà kí àwọn dókítà la òkú wò, kí wọ́n sì gba owó ìsìnkú. Wọ́n fọkàn tán an torí ọmọ wọn ni. Ìfọkàntán yẹn kò jẹ́ kí wọ́n lè bèèrè ohunkóhun. Bí ọmọ àdúgbò bá wá bi wá léèrè, ó ṣòro fún wa láti sọ pé rárá ju ìgbà tó bá jẹ́ òyìnbó lọ, ìdí sì nìyẹn tí ọmọ àdúgbò fi nílò àyẹ̀wò jù.

Ti Kánò wà nílé wa níbí. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn meningitis ń pa àwọn ọmọdé, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọmọ 100, wọ́n sì fún ọmọ 100 mìíràn ní oògùn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, pé oògùn kọ́. Àwọn òbí kan ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ìwé kan wà tó sọ pé ìgbìmọ̀ ìlànà ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é fọwọ́ sí i. Ìwé ìròyìn The Washington Post gbé e jáde pé lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n kọ ìwé náà tí wọ́n fi déètì àtẹ̀yìnwá sí i, àti pé ilé ìwòsàn náà kò tilẹ̀ ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ní ọdún 2009 ni Pfizer àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò tó parí ẹjọ́ sí 75 mílíọ̀nù dọ́là.

A kò fi akẹ́kọ̀ọ́ wé ilé-iṣẹ́ olóògùn. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń wá lẹ́yìn iṣẹ́, àjèjì kọ́ ní àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti kó ìdáhùn jọ tán, ìwé àkọsílẹ̀ orí kẹrin á ti wà lórí tábìlì, kó tó di pé ẹnìkan sọ fún un pé jọ́nà tó fẹ́ gbé e sí ń bèèrè nọ́ńbà ìfọwọ́sí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Ìwé tí a gbà báyìí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Kí yunifásítì má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀ mọ́.

Wàyí o, ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wà. Wọ́n ní àwọn ìgbìmọ̀ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn, ìwé sì ń pẹ́ nílẹ̀ títí àkókò ẹ̀kọ́ á fi fẹ́ tán. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, a sì gbè wọ́n lẹ́yìn pátápátá. Ìgbìmọ̀ tó gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, tó tún wá jókòó lé ìwé rẹ̀, ló ń tì í sínú irọ́. Yunifásítì ló ń gba owó ilé ìwé, òun náà ni kó bọ́ ìgbìmọ̀ náà. Kí ọ̀nà sì pín méjì. Ẹni tó fẹ́ bi àwọn àgbàlagbà léèrè nípa irú rédíò tí wọ́n ń gbọ́, kí ẹni méjì yẹ tirẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa lọ. Ẹni tó fẹ́ bá ọmọdé sọ̀rọ̀, tàbí aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n, ẹni tí wọ́n fipá bá lò, kí ìgbìmọ̀ pé jókòó lé tirẹ̀ lórí, kí wọ́n sì fún un lésì kí oṣù kejì tó pé. Olùkọ́ tó ń fún àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀ ní ìwé ìbéèrè wà nínú àwọn kejì yìí, torí kò sí ọmọ tó lè kọ̀ fún ẹni tó máa fún un ní máàkì.

Nípa ti èdè, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì olójú ìwé mẹ́rin ni wọ́n ń gbé fún ìyá arúgbó, wọ́n á ní kó tẹ ìka. Ó tẹ̀ ẹ́, torí àlejò ni wọ́n, ó sì jẹ́ ohun ìtìjú láti lé ọmọlúàbí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìfọwọ́sí kọ́ nìyẹn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kí i, kó jókòó, kó sọ ní Yorùbá, tàbí ní Ègùn, tàbí èdè yòówù tí ìyá bá ń sọ, ohun tó bá wá, ohun tó máa fi ohùn rẹ̀ ṣe, ẹni tó máa gbọ́ ọ, àti pé bí ìyá bá ní òun kò ṣe, kò sí ìbínú. Kí ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ níwájú ẹlẹ́rìí tó bá yàn. Bó bá sọ ọ́ tó yé e, ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbohùn. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa sọ ọ́, nítorí náà ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀: ìyálọ́jà, olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Baálẹ̀ náà láyè tirẹ̀. Òun ló ń ṣí ìlú fún àlejò, kò sì yẹ kí a kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ kò lè dáhùn fún ìyàwó ẹnikẹ́ni, ọkọ pàápàá kò lè dáhùn fún un.

Àwọn San ní gúúsù Áfíríkà kò dúró de yunifásítì kankan. Ní ọdún 2017, àwọn fúnra wọn kọ ìlànà tí olùwádìí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé kó tó wọ àárín wọn, wọ́n bèèrè ọ̀wọ̀, òtítọ́, ìdájọ́ òdodo àti ìtọ́jú. Kí ló ń dá ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ àwọn babaláwo tàbí ìgbìmọ̀ ọba ìlú wa dúró? Àwọn babaláwo wa ti ka ẹsẹ Ifá sí etí ẹ̀rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìran dé ìran, mélòó ló tíì rí ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde?

Ẹ̀yin olùkọ́ alábòójútó, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí orúkọ yín wà lórí ìwé àyẹ̀wò náà pẹ̀lú ti akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì jọ jẹ́jọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ̀yin ọmọ Sẹ́nétì yunifásítì, ìpinnu ìjókòó kan ṣoṣo ló máa gbà láti fòpin sí gbígba owó, láti fi gbèdéke ọjọ́ sí ìdáhùn ìgbìmọ̀, àti láti kọ̀ láti gba àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá ti kó ìdáhùn rẹ̀ jọ kó tó gba àyẹ̀wò.

Ìwọ tí wọ́n sì máa wá bá nílé, ẹ̀tọ́ rẹ ni láti bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ẹni tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, nọ́ńbà ìgbìmọ̀ tó o lè pè, ibi tí ohùn rẹ máa wà, àti bó o ṣe máa yọ ọ̀rọ̀ rẹ kúrò bó o bá yí ọkàn padà lọ́la. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, fún un lómi mu, kó padà lọ gba àyẹ̀wò wá kó tó bi ọ́ ní ohunkóhun.