Oje Tùràrí àti Egbò

Ojúlówó tùràrí tí à ń jó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, oje igi ni. Ní Dhofar, létí aṣálẹ̀ ilẹ̀ Oman, wọn a fi ọ̀bẹ há èèpo igi náà. Oje a ro jáde, a sì gbẹ. Àwọn onímọ̀ ti fi òróró inú rẹ̀ dán kòkòrò Staphylococcus aureus wò, èyí tí ń mú kí egbò kẹ̀. Nínú àwo àyẹ̀wò, òróró náà kò jẹ́ kí kòkòrò yìí gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo kì í ṣe ara ènìyàn. Bí a kò bá là á, ó lè ta awọ ara. Nítorí náà, bí wọ́n bá kiri rẹ̀ dé ìsọ̀ yín pé òògùn egbò ni, ẹ rántí èyí: egbò tí ń wú, tí ara sì ń gbóná, dókítà ló ni ín.