Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹsẹ̀ kì í ṣe ìṣòro ọmọ Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gun òkè lọ sí ibi tí ìlú àtijọ́ wà, àwọn ọmọdé a sì máa sáré gùn ún níbi tí àlejò ti ń jókòó mí hẹlẹ. Ẹni tí wọ́n tọ́ nídìí irú òkè bẹ́ẹ̀ yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò sì sáré. Ohun tó kù ni omi, omi náà gan-an ló sì yẹ kó pinnu triathlon ọlọ́nà jíjìn tí yóò kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún.

Ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ gígùn àti eré sísá ni wọ́n so pọ̀ nínú ìdíje yìí, láìsí ìsinmi láàárín. Èyí tí ayé mọ̀ jù, Ironman, jẹ́ kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, àti 42.2 ní ẹsẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 70.3. Hawaii ni Ironman ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1978, nígbà tí John Collins, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà, da ìdíje mẹ́ta tó ti wà ní erékùṣù Oahu pọ̀ mọ́ra. Èèyàn 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi ni kì í pẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fojú di í. Wọn a wo òkè ojú ọ̀nà, wọn a wo oòrùn, wọn a wo owó ọkọ̀ òfuurufú, omi ni wọn yóò wò kẹ́yìn. Ewu ńlá ni. Àwọn dókítà kan ṣe àkójọ àwọn tó kú tàbí tí ọkàn wọn dáṣẹ́ dúró níbi triathlon ní Amẹ́ríkà láti 1985 sí 2016. Èèyàn 135 ni wọ́n rí, 90 nínú wọn ló sì jẹ́ pé inú omi ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó rẹ̀ nídìí eré lè máa rìn. Inú omi kò ní ibi ìjókòó. Òótọ́ làwọn àgbà sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ: ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú ní púùlù, níbi tó ti ń rí ìsàlẹ̀ omi tó sì ń fọwọ́ kan ògiri, lè dẹni tí àyà rẹ̀ ń já nígbà tí ìgbì bá dé, tí ọgọ́rọ̀ èèyàn sì ń ta á nípàá lọ́tùn-ún lósì.

Omi sì yàtọ̀ sí omi. Inú òkun ni àwọn olùdíje ti ń wẹ̀ ní Gqeberha ní South Africa àti ní Tenby ní Wales, ìgbì ń bẹ níbẹ̀, òtútù náà sì ń bẹ. Ẹni tó jẹ́ pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ilẹ̀ wa ló ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, òtútù yẹn lè gba èémí lẹ́nu rẹ̀ kó tó nasẹ̀. Fún Yorùbá tó ń gbé ní Ìlú Ọba, ìdíje Outlaw ní Nottingham sàn jù: adágún tí wọ́n gbẹ́ fún ìdíje ọkọ̀ wíwà ni, ó tẹ́jú, kò ṣàn, bèbè rẹ̀ kò sì jìnnà. Àwọn tó wà ní Atlanta ní Augusta àti Chattanooga nítòsí, níbi tí ìṣàn odò ti ń ti òmùwẹ̀ lẹ́yìn. Àǹfààní ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gbára lé e, torí odò kì í ṣàn bákan náà lójoojúmọ́. Ẹni tí kò lè wẹ ọ̀nà náà parí nínú omi tó dákẹ́ kò tíì ṣe tán.

Fún ọmọ Ìdànrè tó wà nílé, Rubavu ní Rwanda ló sàn jù. Oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni 70.3 kọ́kọ́ wáyé níbẹ̀, nínú Adágún Kivu. Omi tí kò níyọ̀ ni, kò ní ìgbì bíi ti òkun. Orí ilẹ̀ òkè ni yóò ti gun kẹ̀kẹ́, òkè kò sì ṣàjèjì sí i. Láti ìkéde ọdún 2023, Rwanda kò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà mọ́. Kìkì pé adágún náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,460, èémí a máa kúrú níbẹ̀. Ó yẹ kó débẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìdíje.

Àádọ́rin ìṣẹ́jú ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti wẹ kìlómítà 1.9 tí 70.3 gbà. Ẹni tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá fún mítà 100 kọ̀ọ̀kan yóò kàn bọ́ ni, bí ó bá sì ṣìnà díẹ̀, wọn yóò dá a dúró. Kí ó tó sanwó, kí ó kọ́kọ́ wẹ kìlómítà méjì láìdúró nínú omi gbalasa, kí ọkọ̀ ojú omi sì máa tẹ̀ lé e.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe tiwa. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, Akinrodoye Samuel wẹ ọ̀sà Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ Afárá Third Mainland dé òpin rẹ̀, kìlómítà 11.8, kí aráàlú lè fiyè sí ìlera ọpọlọ. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta omi Ironman lọ. Nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, inú ọkọ̀ ojú omi làwọn ọmọ Ìlàjẹ ń dàgbà sí. Ohun tó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ṣe kò ju agbára wọn lọ: kí wọ́n gbẹ́ púùlù onímítà 25 kan sí Ìdànrè, kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa lò ó, kí wọ́n sì gba àwọn òmùwẹ̀ Ìlàjẹ síbẹ̀ bí olùkọ́. Nínú púùlù bẹ́ẹ̀, ìgbà 76 láti ògiri kan dé èkejì ni kìlómítà 1.9.