Ẹ Má Pa Igi Nítorí Oògùn

Kò sí àní-àní pé èèpo igi ahùn ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ nígbà ibà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bó èèpo igi yípo ti pa igi náà, nítorí inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń pèsè ń gbà dé gbòǹgbò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní 1971, Tu Youyou àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ rí i pé sísè lórí iná ń ba agbára ewé ibà tiwọn jẹ́. Wọ́n fi ether yọ oògùn inú rẹ̀ láìlo ooru púpọ̀, wọ́n sì kẹ́sẹ járí. Ní 2015, Tu gba ẹ̀bùn Nobel. Bẹ́ẹ̀ ni ether a máa tètè gbaná. Lónìí, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí a fún mọ́lẹ̀ gidigidi ń yọ oògùn lára ewé púpọ̀ láìdá májèlé sínú odò.

Kí àwọn aṣòfin tí a dìbò fún pèsè owó fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì wa, kí wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tí ń bó èèpo tà gbọ́dọ̀ gbin igi. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dá ọgbà egbòogi sí ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.