Ta Ni Wọ́n To Mẹ́nù Yìí Fún?

Bí wọ́n bá fi mí jẹ adájọ́ lónìí, àwọn tó ń to mẹ́nù sórí ìkànnì ayélujára ńláńlá ni n ó kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́. Mẹ́nù tí mo ń wí kì í ṣe ti ilé oúnjẹ o. Àwọn orí-ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lókè ìkànnì ni, tí à ń tẹ̀ kí a lè dé ibi tí ohun tí a wá wà. Ìkànnì ìjọba, ti yunifásítì, ti báńkì, ojú ìwé inú wọn lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà níbẹ̀, inú igbó ló wà.

Ẹ̀sùn mi kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ń to mẹ́nù bí ipò ṣe tò nínú ọ́fíìsì wọn, wọn kò tò ó bí aráàlú ṣe ń wá nǹkan. Lọ́dún tó kọjá, mo ń wá fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń tún àṣìkọ orúkọ ṣe lórí ìkànnì iléeṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní í dárúkọ. Kí ni mo bá pàdé? “Nípa Wa.” “Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Àgbà.” “Àwọn Ẹ̀ka Wa.” Ẹ̀ka mẹ́rìnlá! Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mo wá tún orúkọ ṣe, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀ka kẹsàn-án ló ni iṣẹ́ náà? Dátà mi ń jó lọ, àwòrán ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Àwọn ìyá wa lọ́jà gbọ́n ju èyí lọ. Aláta wà ní ìsọ̀ ata, ẹlẹ́ja wà ní ìsọ̀ ẹja. Ẹni tó fẹ́ ra ata kò ní láti mọ ìyálọ́jà kó tó rí ata rà.

Wọ́n á ní, “Ìkànnì wa ti tóbi jù, kò ṣe é tò bẹ́ẹ̀.” Irọ́ ni o! Ẹ wo Ìlú Ọba. Ní October 2012 ni ìjọba ibẹ̀ ṣí GOV.UK, tó rọ́pò Directgov àti Business Link. Nígbà tí ọdún 2014 fi máa parí, ìkànnì iléeṣẹ́ àti àjọ ìjọba tó lé ní 300 ti kó wọ inú rẹ̀. Kí ni wọ́n fi ṣe orí-ọ̀rọ̀? Owó ìrànwọ́. Ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Ọkọ̀ wíwà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kò ní láti mọ iléeṣẹ́ tó ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ikú ló ṣẹlẹ̀, ikú náà ni yóò tẹ̀.

Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń kó gbogbo mẹ́nù pamọ́ sábẹ́ ìlà kékeré mẹ́ta. Norm Cox ló ya àmì yẹn fún kọ̀ǹpútà Xerox Star tó jáde ní 1981. Lórí fóònù tí ojú rẹ̀ kéré, mo lè gbà fún wọn. Àmọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fẹ̀, kí ni wọ́n ń fi pamọ́? Nielsen Norman Group dán an wò ní 2016, wọ́n sì rí i pé bí a bá pa mẹ́nù mọ́, ohun tí àwọn èèyàn ń rí nínú ìkànnì máa ń dín kù gan-an.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ wá a lórí Google. Ẹni tó mọ orúkọ ohun tó ń wá ni ìyẹn wúlò fún jù. Àgbàlagbà tó mọ ìṣòro rẹ̀, tí kò mọ orúkọ tí ìjọba sọ fọ́ọ̀mù ńkọ́?

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó gọbọi. Ẹ kọ ohun kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìkànnì yín sórí páálí kéékèèké. Ẹ kó o fún awakọ̀, olùkọ́ àti ìyá aláṣọ, kí wọ́n kó èyí tó bára mu jọ, kí wọ́n sì fún ìdì kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Orúkọ tí ẹnu wọn bá pè é ni kí ẹ kọ sí mẹ́nù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹlòmíràn wá fọ́ọ̀mù kan níbẹ̀, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wo ibi tó ń tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà lásán. Ẹni tí mẹ́nù bá dàrú mọ́ lójú, ọ̀dọ̀ agbódegbà ló ń lọ, níbi tí yóò ti san owó lórí fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́. Tálákà ló ń san gbèsè mẹ́nù burúkú. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbé àwòrán yín kúrò lójú ọ̀nà, kí aráàlú ríbi kọjá.