Ẹsẹ̀ tó ń kú: ẹ má tíì fura sí ìyá ọkọ

Tí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tó ń jóni bí ata, tí èèyàn wá ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mutí, ohun tí àdúgbò máa sọ ni pé ayé ti ṣe é. Ìyá ọkọ ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ṣé ẹ mọ Ọ̀sọ́sà, ìlú Olóyè Hubert Ògúndé, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde? Láti 1969 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú àìsàn yìí wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun ti UCH Ìbàdàn ló tú u wò, ó sì ní májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa ló fà á. Nínú ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2000, wọ́n yẹ èèyàn 3,428 wò l'Ọ́sọ́sà, 206 ló ní in, obìnrin ló sì pọ̀ jù. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ẹ̀gẹ́ gan-an ni.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ó máa ní kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ dijú: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣubú, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó máa yẹ ojú àti etí wò, torí àìsàn yìí lè ba méjèèjì jẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ yẹ ìtọ̀ ṣúgà àti àìtó fítámì B12 wò, torí àwọn náà ń pa ẹsẹ̀, wọ́n sì ní oògùn.

MS tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará London yàtọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ọmọ-ogun ara fúnra wọn ló ń bó èèpo iṣan ọpọlọ, bí wáyà tí rọ́bà ti bó lára rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó máa ń ṣe lọ, ṣe bọ̀. Lára àwọn mìíràn, ńṣe ló kàn ń le sí i. Ẹ̀rọ MRI àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń fi hàn. Oògùn wà tó ń dá a dúró díẹ̀, kò sí èyí tó ń lé e lọ pátápátá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ti Mowé àti Ìbàfò, ọsibítù ńlá wà ní Ṣágámù. Ti Ìfọ̀, FMC wà l'Abẹ́òkúta. Ẹ máa lọ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú. Ẹ̀yin tó ń ṣe gàrí náà, ẹ má kánjú: ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tẹ omi rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tó yan án. Ẹ fi ìyá ọkọ sílẹ̀ o!