Òwìwí tó ń fò lálẹ́ lè kọ́ oní-fọ́tò níṣẹ́ owó

Ẹ̀yin oní-fọ́tò tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó-Èkìtì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé fóònù ti gba oúnjẹ lẹ́nu yín. Oníbàárà tó máa ń sáré wá ya fọ́tò ọjọ́ìbí tẹ́lẹ̀ ti ń ya ara rẹ̀ nílé. Iṣẹ́ tí fóònù kò lè ṣe dáadáa ló kù, ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya òwìwí nígbà tó bá ń fò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", torí ẹyẹ àjẹ́ là ń pè é. Eku ló ń jẹ o, eku yìí kan náà tó ń ba oko àwọn àgbẹ̀ wa jẹ́. Ní Malaysia, àwọn olóko ọ̀pẹ máa ń kan àpótí sórí òpó fún irú òwìwí olójú funfun yìí, kó lè máa bá wọn pa eku.

Ìdí tí mo fi mú òwìwí ni pé ó ṣòro yà. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ, ló máa ń jáde. Ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀ débi pé ẹ kò ní gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó kọjá lórí yín. Ẹ gbọ́dọ̀ fi kámẹ́rà sí 1/1000, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apá rẹ̀ á dà bí èéfín. Ẹ ó sì gbé ISO sókè dé 3200 tàbí 6400, fọ́tò á wá kún fún wóróworo bí iyanrìn. Ibi tí àtúnṣe lórí kọ̀ǹpútà ti wọlé nìyẹn: ẹ yà á ní RAW, ẹ dín wóróworo yẹn kù, ẹ mú ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ gé ibi tí kò wúlò kúrò. Ẹni tó bá mọ èyí ṣe, ijó alẹ́ níbi òkú àgbà ò lè dà á láàmú mọ́. Ibẹ̀ gan-an lowó wà.

Ṣùgbọ́n ẹ má lọ gé òṣùpá láti ibòmíràn wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òwìwí. Ní 2018, Natural History Museum ní London fagi lé fọ́tò kan tó gba ẹ̀bùn níbi ìdíje wọn ní 2017, wọ́n ní òkú ẹranko tí wọ́n kì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó yà á sẹ́ kanlẹ̀, àmọ́ wọn ò yí ìpinnu wọn padà.

Ẹ má tíì ra lẹ́ǹsì olówó gọbọi. Ẹ yá a, tàbí kí ẹni mẹ́ta dáwó jọ rà á. Lékeléke tó ń tẹ̀lé màálù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́ lójú ọ̀sán, tàbí àwọn ẹyẹ etí omi Ero Dam ní Ìkún-Èkìtì. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá òwìwí inú àjà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé àtijọ́ láàárín ìlú. Mo tẹnu mọ́ àárín ìlú, torí ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni wọ́n yìnbọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní apá ibí yìí. Kò sí fọ́tò tó tó ẹ̀mí. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, ẹ sọ fún àwọn ọlọ́dẹ, ẹ má tan fíláàṣì sí ẹyẹ lójú.

Ta ló máa rà á? Àwọn bíi Shutterstock tó ń bá èèyàn ta fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san. Kàlẹ́ńdà ẹyẹ Èkìtì fún òtẹ́ẹ̀lì, ilé-ìwé àti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ ni mo rí pé ó lè tètè tà. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ kiri láti oṣù kẹsàn-án. Kí lékeléke wà níwájú, kí òwìwí wà ní oṣù kọkànlá. Ẹ má sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àwọn ìyá ọlọ́jà ò ní wọlé.