Ẹni Tí Àrùn Kò Pa, Kí A Má Fi Ẹ̀kọ Mímu Pa Á

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí yóò dun àwọn kan, ó sì ti dun àwa náà kí a tó kọ ọ́. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu ẹnìkan nínú wa ní Sábó Kano yìí, kí ni a ń ṣe? A ó gbé e dé ọsibítù, a ó dúró tì í fún ọjọ́ mélòó kan, a ó sì gbé e padà wá sílé. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀kọ mímu ni ní òwúrọ̀, ẹ̀kọ mímu ni ní alẹ́. A ní ẹja kò dára fún un, ẹyin kò dára, ẹ̀wà yóò wú u nínú. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, a ó ní ayé ló ń ṣe é, tàbí kí a ní ogbó ti dé.

Bàbá kan wà láàárín wa tí ó jẹ́ awakọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le. Kò sí afárá kan láàárín Kano àti Jẹ́bbà tí kò mọ̀. Nígbà tí a lọ kí i, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó bi wá bóyá a ti jẹun. A rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ni ẹ̀rín náà, nítorí òun gan-an ni ebi ń pa. Agbádá rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Nígbà tí a bi ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ohun tí ẹ̀yin àgbà ní kí n máa fún un náà ni mo ń fún un." Kò purọ́. Láti ẹnu wa ni ó ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní 2014 ni àwọn oníṣègùn tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn jáde. Ènìyàn 143 tí àrùn yìí ti ṣe ni wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tí iyè wọn kò pé mọ́ nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tí ó ti ń jẹ ẹja lójoojúmọ́ kí àrùn tó dé bọ́ sínú wàhálà náà bí àwọn yòókù. A kò ní ẹja ni oògùn o. Ìwádìí ńlá kan tún wà tí a ń pè ní FOOD, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ní 2003 ó fi hàn pé ẹni tí àrùn bá nínú àìjẹunkánú, ikú àti àìlera a máa bá a ju ẹlòmíràn lọ. Ìwádìí kan náà, ní 2005, kò rí àǹfààní kan gbòógì nínú oúnjẹ àfikún fún ẹni tí ó ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀. Nítorí náà a kò ní kí a máa bọ́ aláìsàn bí àgbò iléyá. Ebi ni a ń bá jà.

Ẹ wo ẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú ohun tí ń mú ara le a máa bá èérí lọ. Fítámì B12 tí ọpọlọ ń lò, inú ẹja, ẹyin, ẹran àti wàrà ló wà. Kò sí nínú àgbàdo rárá. Ẹni tí ó bá ṣaláìní in pẹ́, ìgbàgbé lè mú un. Àìmu omi tó pàápàá a máa da orí àgbàlagbà rú. A ń bú àjẹ́, owó ẹja ni a ṣọ́!

Èyí tí ó burú jù ni pé ẹ̀kọ ṣíṣàn tí a rò pé ó rọrùn yìí ni ó tètè ń gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, nítorí ọ̀fun ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè gbé nǹkan mì kí ohunkóhun tó kan ẹnu rẹ̀, omi pàápàá. Bí kò bá lè ṣe é, wọn yóò fi rọ́bà gba imú rẹ̀ fún un ní oúnjẹ. Bí wọ́n bá ní ó lè jẹ, kí ó jókòó dáadáa, kí a máa fún un díẹ̀díẹ̀ ní ohun tí ó rọ̀ tí ó sì ki: mọ́ínmọ́ín tí a fi ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ sí, ẹyin, ẹ̀wà tí a gún, ọbẹ̀ kúkà pẹ̀lú túwó rírọ̀. Kí iyọ̀ àti magí kéré, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kò tíì lọ. Bí dókítà bá ka nǹkan kan léèwọ̀ fún un, ti dókítà ni kí a gbọ́, kì í ṣe ti aládùúgbò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, a mọ owó dá. A ó háyà mọ́tò, a ó ra aṣọ kan náà, a ó gbé òkú rẹ̀ délé. Kí ó tó kú ńkọ́? Kò sí kọ́bọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ fún ẹyin rẹ̀. Àwọn kan ní kí a tètè gbé e lọ sílé. Ta ni ó wà nílé? Àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbí, àgádágodo ni ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́hùn-ún.

A fẹ́ kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìsìnkú fún oúnjẹ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ẹni tí àrùn yìí bá ṣe, kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ máa pín ọjọ́ tí wọn yóò sè é, kí a sì máa gbé e sórí ìwọ̀n lóṣooṣù kí a lè tètè mọ̀ bí ó bá ń rù. A ó gbé e wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ó dìde kí ó sọ ìdí rẹ̀ lójú bàbá awakọ̀ náà, nítorí a ó gbé e wá síbẹ̀.